Àpáta Ìsárẹsì Ìdí-Ìyeyè, Ọdún 1949

Ọjọ́ Ajé, 3 Ọ́kítóbà

Ẹ̀yìn ń ro mí. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Adéṣọlá ti ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún Bàbá Kémta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni n kò ti lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ dáadáa. Adéṣọlá ló fẹ́ fẹ́ Péjú, ọmọ Bàbá Kémta. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ oníṣòwò kan l'Ékòó, kò mọ ojú àdá yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ kó èèyàn wá ṣiṣẹ́ oko fún bàbá ìyàwó. Kò ní ọ̀rẹ́ tó mọ oko, ni gbogbo ọkùnrin Ìdí-Ìyeyè bá jáde láti bá a gbé e. Ọgọ́ta àdá. Bàbá Bándélé ọkọ mi pàápàá jáde, ẹni tí eékún máa ń dùn tí mo bá ní kó bá mi la igi.

Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti ṣán gbogbo igbó tó wà láàárín ọ̀nà mọ́tò àti àpáta wa. Mo bi Bàbá Kémta pé kí ni wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó wá jẹ́ ọ̀wẹ̀ kì í bi onílẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe." Òótọ́ ni, àṣà ni, mo panu mọ́. Èmi ni mo se ẹ̀wà, èmi ni mo se ìrẹsì, èmi ni mo dín ẹja. Adéṣọlá ò ṣahun, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Oúnjẹ pọ̀ débi pé àwọn kan bù lọ sílé. Wọ́n yó, wọ́n kọrin kí àna, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìkòkò mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì fọ̀.

Òjò tún rọ̀ lánàá. Orí ìrẹsì mi ti ń wúwo.

Ọjọ́rú, 12 Ọ́kítóbà

Bùsírátù ló wá pè mí láàárọ̀. Ó ní, "Ìyá Bándélé, ẹ jáde wá wo nǹkan tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀." Ó lé ní ogún ọdún tí èmi àti Bùsírátù ti jọ ń sá ìrẹsì lórí àpáta kan náà. Mo mọ̀ pé kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ pe èèyàn àfi tí ọ̀rọ̀ bá burú.

Àwọn awọnlẹ̀ mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ṣéènì àti èèkàn alákìísà pupa. Wọ́n ti gún un láti kọ́nà ọ̀nà mọ́tò dé etí odò Ògùn, tààrà. Èyí tó dé fìlà nínú wọn dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù méjìlá ni Ọ̀gbẹ́ni Adétáyọ̀ fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ní ìlà kan, kí àwọn ọlọ́kọ̀ máa yà rajà. Mo ní ta ló ń jẹ́ Adétáyọ̀. Ó ní ọ̀gá Adéṣọlá ni.

Mo ní òkúta ìpìlẹ̀ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti máa rí i. Ó nawọ́ sí àpáta wa.

Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe délé. Obìnrin méjìlélógún ló ń sá ìrẹsì lórí àpáta yẹn. Ó tẹ́jú, ó fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, oòrùn kì í tíì ga tán kó tó gbóná. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, ilẹ̀ lásán ló kù tí a ó máa sá ìrẹsì sí, ìrẹsì oníyanrìn, kò sì sí oníbàárà ní ọjà Kuto tó máa ra ohun tó máa fọ́ ọ léyín. Ìrẹsì yìí ni mo fi rán Bándélé jáde nílé ẹ̀kọ́ gírámà, òun ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìbàdàn báyìí. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ láti rélùwéè, ti tábà ló kúkú tó.

Àwa la ṣán ilẹ̀ náà fún wọn. Èmi ni mo se oúnjẹ. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 Ọ́kítóbà

A ṣe ìpàdé níwájú ilé wa lẹ́yìn ìsìn. Aago méjì la fi sí; aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó pé. Wọ́n kọ́kọ́ lo wákàtí kan lórí ẹni tó máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, onígbàgbọ́ ni tàbí mùsùlùmí. Bùsírátù ní kí wọ́n kúkú gbà á pọ̀. Wọ́n gbà á pọ̀ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ àdúrà ẹnìkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé àdá lọ síbi ọ̀wẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ lọ. Gbogbo wọn ló bá àwọn mìíràn níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé àdá ló kó ara wọn lọ ni, wọ́n ní kí n má bínú. Bàbá Bándélé dìde, mo rò pé a ó gbọ́ ohun gidi. Ó ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó sì tún jókòó.

Ìpinnu wọn ni pé kí a kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ní Aké. Wọ́n wo Bàbá Bándélé tó fi ogún ọdún ṣe akọ̀wé rélùwéè. Ó ní òun kò lè kọ̀wé mọ́ ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Kémta, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn. Wọ́n bá yíjú sí mi. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn. Iṣẹ́ tí kò bá ti ní olúwa rẹ̀, Ìyá Bándélé ló ni ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Ọ́kítóbà

Mo ní kí n tó kọ̀wé, kí n lọ bẹ Bàbá Kémta fúnra mi. Orí àpò gàrí ni mo jókòó sí nínú lọ́rì láti ibí dé Kuto, mo fẹsẹ̀ rìn dé Kémta. Ìgò kẹrosíìnì kan ti tún fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ àpáta ló gbé mi wá."

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Adéṣọlá ti sọ pé ẹ ń ṣe ìpàdé." Ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. "Ilẹ̀ ẹbí ni, èmi ni olórí ẹbí. N kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí àna mi lò ó ni."

"Bàbá, kì í ṣe àna yín ló fẹ́ lò ó. Ọ̀gá rẹ̀ ni."

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Ta ló ṣán igbó náà?"

Mo tún gèlè mi wé.

"Mo ní ta ló ṣán an? Ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Gbogbo abúlé jẹ, wọ́n mu, wọ́n kí àna mi kú iṣẹ́. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí nǹkan kì í bá wọn ṣán an. Nígbà tí o ń bu ẹ̀wà sáwo, kí ló dé tí o ò sọ pé o ò fẹ́?"

Mo ní mo béèrè, wọ́n ní wọn kì í béèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Harriet, obìnrin dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni ọ́. Ìyàwó kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé wọn. Èmi ni mo tọ́jú ìyá wọn títí ó fi kú, èmi ni mo ń fọ aṣọ tó ń wọ̀. Nígbà náà, n kì í ṣe àlejò. Tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé ni mo máa ń di àlejò. Péjú gbé omi wá fún mi, kò lè wojú mi, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Ọ́kítóbà

N kò bá Bàbá Bándélé sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Kò tíì mọ̀.

Ọjọ́rú, 2 Nòfẹ́ńbà

A ti ń kórè. Láàárọ̀ oko, lọ́sàn-án ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ ọ́, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí n fi tirẹ̀ sí i. Ẹnìkan ní kí n kọ ọ́ pé lọ́rì pa ewúrẹ́ òun lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní kí n fi ìwé náà fẹjọ́ ìyàwó òun sùn. Mo lé wọn jáde.

Ohun tí mo kọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo ní àpáta yìí, ìrẹsì nìkan la ń sá lórí rẹ̀, a kì í fi í ṣe ohun mìíràn. Mo fa ìlà sábẹ́ "ìrẹsì nìkan" kí wọ́n lè rí i pé ibi iṣẹ́ ni. Bùsírátù ní kí n kà á fún òun. Ó ní, "Ẹ yọ 'nìkan' yẹn kúrò. A máa ń sá ata síbẹ̀, a máa ń sá èlùbọ́." Mo ní èmi ni mo lọ sílé ìwé. Ó ní ó dáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Nòfẹ́ńbà

Ìgbìmọ̀ fèsì. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní Aké. Ayọ̀ mú Bàbá Bándélé débi tó fi la igi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 Nòfẹ́ńbà

Ó rẹ̀ mí ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́ lónìí, n kò ní lè sùn.

Àwa mẹ́wàá la lọ. Adétáyọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú wa. Mo ti ń retí ẹni tó rí burúkú. Ọ̀dọ́kùnrin mímọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá, mo ti gbọ́ nípa ìrẹsì yín. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, tiyín ni, ẹ kò ní san owó rẹ̀ fún ọdún kan." Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Kí ni n ó máa tà níbẹ̀, iyanrìn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Kémta.

Àgbà mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Èyí tó wọ awò ojú nínú wọn ka ìwé mi tán, ó wá béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Ó ní, "Ta ló ṣán ilẹ̀ yìí?" Ọkùnrin mẹ́fà tó tẹ̀ lé wa, gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn tó ń fi igbe pa wá nílé. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú, tó ní òun yóò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ń wá nǹkan nínú àpò rẹ̀.

Bùsírátù ló dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àwa la ṣán an. Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n bẹ̀ wá. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló bi àna léèrè ìdí iṣẹ́ nígbà tí ẹ lọ jẹ́ ọ̀wẹ̀ tiyín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ ní òun ṣán eéká méjì fún bàbá ìyàwó òun, òun ò sì tíì mọ ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe ìdájọ́. Aláwò-ojú ní, "Igbó tí ẹ ṣán, ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣán an. Ṣọ́ọ̀bù yóò wà níbẹ̀. Àpáta ni kò sẹ́ni tó ṣán. A ó wá fi ojú wa rí i ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún Dìsẹ́ńbà. Títí dìgbà náà, níwọ̀n ìgbà tí ìrẹsì bá wà lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù kàn án. Ọjọ́ tí Adétáyọ̀ bá bá a lófìfo, kó máa fọ́ ọ lọ."

Mo béèrè pé bí ó bá jẹ́ èlùbọ́ ńkọ́, tàbí ata. Ó gbé ìwé mi sókè, ó fi ìka sí ibi tí mo fa ìlà sí. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Nínú lọ́rì, Bùsírátù jókòó dojú kọ mí. Ó kàn ń wò mí títí a fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 21 Nòfẹ́ńbà

Ó dùn mọ́ mi nínú lónìí. Gbogbo obìnrin méjìlélógún ló bọ ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín bo abúlé láti ìdájí, nígbà tó di aago mẹ́wàá, kò síbi téèyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí lórí àpáta. Adéṣọlá wá pẹ̀lú ìwé kékeré kan, ó dúró létí rẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa wá wò ó. Mo kí i kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Nòfẹ́ńbà

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ti dé. Ìrẹsì bíbọ̀, oòrùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló nílò. Bó bá gbẹ jù, tí a bá gún un nínú odó, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, oníbàárà á sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé oúnjẹ adìẹ ni. A ti ń kó tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ kó lè pẹ́, à ń pín in ní ìpín ìpín, ṣùgbọ́n oko ti tán. Kò sí ìrẹsì tuntun tó ń bọ̀. Ogún ọjọ́ ló kù kí ìgbìmọ̀ tó dé.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ètè mi ti là.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Dìsẹ́ńbà

Obìnrin mẹ́sàn-án kó tiwọn lónìí. Wọ́n ní ọjà ọdún ti dé, àwọn oníbàárà Èkó ti wà ní Kuto. Mo ní àpáta ńkọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Bándélé, ẹ ṣáà wà níbẹ̀." Mo wà níbẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ fọ́ àpáta mọ́ lórí ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Dìsẹ́ńbà

Ó ku èmi àti Bùsírátù. Bàbá Bándélé ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú. Mo ní bó bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, abẹ́ igi ìyeyè ni yóò ti jẹun alẹ́. Kò parí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Dìsẹ́ńbà

Bùsírátù wá bá mi nílé, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mo gún páànù kan wò lánàá, ìdajì rẹ̀ ló fọ́. Ọmọ márùn-ún ló ń wo ọwọ́ mi." N kò lè bínú sí i. Opó ni, kò ní owó ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni. Mo bá a dì í sápò.

Tèmi náà kò lè dúró mọ́. Owó ilé ìwé Bándélé ti Jánúárì wà nínú rẹ̀. Mo rìn láti ilé dé ilé pé kí wọ́n yá mi ní ìrẹsì tí wọn ò tíì gún. Wọ́n ti gún un tán. Mo ní irúgbìn tí wọ́n so sórí ààrò ńkọ́. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó tọrọ ọmọ. Ẹnìkan ní, "Irúgbìn kì í jáde nílé, Ìyá Bándélé, ẹ̀yin náà mọ̀." Mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Dìsẹ́ńbà

Mo kó tèmi jáde lórí àpáta lónìí, mo kó irúgbìn mi lọ rọ́pò rẹ̀.

Ìyá mi ló fún mi ní irúgbìn yìí lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ. Nínú akèrègbè ló kó o sí, láti Ọ̀fàdà. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Ó pupa nínú, ó ń ta sánsán láti inú ìkòkò. Ọdọọdún ni mo ń yọ orí tó dára jù sọ́tọ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Oòrùn ọjọ́ kan ni mo máa ń fún un, lórí ẹní, n ó sì kó o sábẹ́ òrùlé kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò sá a sórí òkúta rí.

Kò pọ̀, nítorí náà mo fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè kárí. Adéṣọlá wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrẹsì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Dìsẹ́ńbà

N kò lè máa kó o wọlé lálẹ́ torí àwọn afọ́kùúta lè dé ní ìdájí. Ẹní ni mo fi bò ó. Ìrì sì wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n dé láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin mẹ́jọ pẹ̀lú òòlù, Jùbrílù ló ṣáájú wọn, ọmọ Ìtòkò, ọ̀gá bíríkìlà tí mo mọ̀ sójú. Adéṣọlá tẹ̀ lé wọn. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo, mo sì bá Bàbá Bándélé lórí àga létí àpáta, ó wọ kóòtù rélùwéè rẹ̀ nítorí ọyẹ́, ó ń ka ìwé ìròyìn àná. Ó ní láti aago márùn-ún ni òun ti wà níbẹ̀. N kò mọ ìgbà tó jí.

Adéṣọlá ní, "Ẹ wò ó, ibí ṣófo, ibí náà ṣófo. Ẹyọ ẹyọ ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín."

Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó fi eyín họ ọ́. Ó ní, "Ìrẹsì ni."

"Mo mọ̀ pé ìrẹsì ni. Ẹ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Àárín lẹ ní ká lọ. Ibo la máa gbà tí a ò ní tẹ̀ ẹ́?" Jùbrílù dìde, ó gbọn ọwọ́. "Èmi kì í tẹ oúnjẹ mọ́lẹ̀, akọ̀wé. Ilé ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, a ó tẹ̀ lé yín."

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo Adéṣọlá. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, mo rí i kedere, ó sì dá a padà. Bàbá Bándélé ṣí ojú ewé ìwé ìròyìn. Nígbà tó yá, Adéṣọlá ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà." Mo dá a lóhùn. Àna wa náà ṣáà ni.

Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi ìyeyè títí oòrùn fi mú, wọ́n sì lọ. Mo fọwọ́ kan àpáta lọ́sàn-án, n kò lè fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí n kà dé ẹ̀ta.

Ọjọ́ Ajé, 19 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n dé ní aago mọ́kànlá. Aláwò-ojú bọ́ bàtà, ó fi ọ̀pá rin etí àpáta yí ká, ó béèrè iye ọdún tí a ti ń lò ó. Ìyá àgbà kan ní òun bá ìyá òun níbẹ̀. Adétáyọ̀ sọ tirẹ̀ dáadáa, kò pariwo, ó ní ọ̀nà mọ́tò ń bọ̀ wá di ńlá, abúlé ò gbọ́dọ̀ sùn. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àpáta dúró, kí ó lọ gbé òkúta wá láti ibòmíràn, kí ó sì dín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kù sí mẹ́jọ kí ọ̀nà wa sódò má bàa dí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Bàbá Kémta náà fọwọ́ sí i. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Harriet, orí rẹ le." N kò mọ̀ bóyá èébú ni.

Àwọn obìnrin jó yí mi ká. Àwọn tó kọ́kọ́ kó ìrẹsì wọn ló ga jù nínú orin. Mo fẹ́ bínú, n kò rí àyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Dìsẹ́ńbà

Mo gbá irúgbìn náà jọ láàárọ̀. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ka ọgọ́rùn-ún ẹyọ, mo dì í sínú aṣọ tútù, mo fi sábẹ́ àmù kí n lè mọ iye tó ṣì máa hù.

Ọjọ́ Ajé, 26 Dìsẹ́ńbà

Kérésì lọ dáadáa, Bándélé wálé, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ.

Mo tú aṣọ náà. Ẹyọ mẹ́rin ló hù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Bándélé wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà kà á, ó fi awò ojú rẹ̀ kà á. Ó ní bóyá omi ló pọ̀ jù. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe é, omi kò pọ̀ jù. Ó tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn fúnra rẹ̀, ó dì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Dìsẹ́ńbà

Tirẹ̀, ẹyọ kan. Kò fi òwe kankan sí i. Mo sunkún, kò ní kí n má sunkún.

Mo gbin àwọn márùn-ún sínú ìkòkò fífọ́ lẹ́yìn ilé. Ọyẹ́ nìyí, kò sí ohun tó máa yè.

Ọjọ́ Ajé, 2 Jánúárì, 1950

Àwọn obìnrin wá kí mi kú ọdún, gbogbo wọn pátá, wọ́n ní kí n bọ́ sóde ká lọ pín àpáta. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, kí olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀ kí ìjà má bàa sí, àti pé lẹ́yìn ohun tí mo ṣe, èmi ni kí n kọ́kọ́ mú.

Irúgbìn wọn wà lórí ààrò, kálukú nílé rẹ̀. Bí mo bá tọrọ, wọn ó fún mi, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìrẹsì wọn ni wọn ó fún mi, kì í ṣe ti ìyá mi. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé tèmi ti kú, Bùsírátù pàápàá kò mọ̀.

Bùsírátù di èédú mú. Ó ní, "Ìyá Bándélé, níbo lẹ fẹ́?"

Mo ní àárín, ibi tí oòrùn kì í ti kúrò. Ó fa ìlà yí mi ká, ó fẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pín tiwọn tán.